Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Bí Ilé Ṣe Ń Darí Ìgbé Ayé Ará Inú Rẹ̀

Kíláàsì: SS 2
Iṣẹ́: Èdè àti Àṣà Yorùbá
Orí-ọ̀rọ̀: Ilé kíkọ́ àti àjọgbé
Àkókò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, ogójì ìṣẹ́jú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

ÈRÒǸGBÀ

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dúró níwájú ilé kan kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Níbo ni atẹ́gùn ń gbà wọ ibẹ̀? Níbo ni omi òjò ń gbà lọ? Níbo ni àgbàlagbà lè jókòó sí tí yóò fi máa rí àwọn ènìyàn? Ta ni yóò rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nípa ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, ẹ̀kọ́ ti yé e. A kò ní kí gbogbo wọn di ayàwòrán-ilé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kọ́lé lọ́jọ́ kan, bíríkìlà yóò sì bi wọ́n pé, "Ọ̀gá, níbo ni ká yọ fèrèsé sí?" Ó yẹ kí wọ́n ní èsì.

OHUN ÈLÒ

Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì, pẹ̀lú igi tí a lè fi fa ilà sórí iyẹ̀pẹ̀. Bí agbo ilé àtijọ́ kan bá ṣì wà nítòsí ilé-ìwé, tí baálé ibẹ̀ sì gbà, ẹ mú wọn lọ síbẹ̀. Ó sàn ju àwòrán inú ìwé lọ.

ÌFÁÀRÀ

Kí olùkọ́ bi kíláàsì pé: nílé yín, ta ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ti dé? Ẹ kọ gbogbo ìdáhùn sójú pátákó. Ẹnìkan yóò ní mẹ́gádì ni. Òmíràn yóò ní ìyá àgbà tó máa ń jókòó síwájú ilé ni. Òmíràn yóò ní kò sẹ́ni tó ń mọ̀, àfi bí àlejò bá pe fóònù láti ẹnu géètì. Wọn yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì nu pátákó. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń sọ irú ilé tí ọmọ náà ń gbé, ó sì ń sọ bí ó ṣe mọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó.

ÌPELE KÌÍNÍ: AGBO ILÉ

Ẹ mú kíláàsì jáde sí pápá. Ẹ fi igi fa onígun mẹ́rin ńlá kan sórí ilẹ̀, kí ẹ fi àyè ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀. Nínú ilà náà, ẹ fa yàrá kéékèèké yí i ká, kí gbogbo ilẹ̀kùn wọn kọjú sí àárín. Láàrin ilẹ̀kùn àti àgbàlá, ẹ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, èyí tí òrùlé yọ wá bò. Àárín gan-an kò ní òrùlé rárá. Ẹ wá fi akẹ́kọ̀ọ́ kan síbi tí yóò ti máa wo ẹnu ọ̀nà, kí ó jẹ́ baálé; kí àwọn tó kù pín ara wọn sí yàrá ní ìdílé ìdílé. Kí ẹnìkan jáde lọ pọnmi, kí ẹlòmíràn gba àlejò, kí àwọn méjì máa jà. Láìpẹ́ wọn yóò rí i fúnra wọn pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe tí baálé kò rí, àti pé ẹni tó ń jà kò lè jà pẹ́ kí ẹnìkan tó dá sí i.

Bí ètò agbo ilé ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Yàrá inú rẹ̀ kéré, ó sì ṣókùnkùn. Fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní. Ẹni tó bá wo yàrá nìkan yóò ní àwọn baba ńlá wa kò mọ ilé kọ́. Yàrá wà fún oorun àti ẹrù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé gan-an. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń já ẹ̀fọ́, tí wọ́n ti ń rànwú, tí wọ́n ti ń dirun, tí arúgbó ti ń na ẹsẹ̀ sórí ẹní, tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà ti ń jẹun lọ́wọ́ ìyàwó ẹlòmíràn. Àgbàlá sì jẹ́ ti gbogbo ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá èlùbọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàlọ́ bí òṣùpá bá yọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ìyàwó tuntun káàbọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pe ẹbí jọ bí ọ̀ràn bá dé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ òwe tó ní ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ẹ bi wọ́n pé: igba ènìyàn yẹn, níbo ni wọ́n jókòó sí? Ìdáhùn wà lórí ilẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kọjú sí àgbàlá, ọmọ sì ń ṣeré láàrin wọn. Kò sí ẹni tí wọ́n yàn pé kí ó máa wo ọmọ. Olúkúlùkù ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ sára ọmọ, bí ọmọ bá sì sún mọ́ iná, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò pariwo. Àwọn arúgbó náà rí ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tí kò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ títí oòrùn fi yọ, gbogbo ilé ti mọ̀, ẹnìkan yóò sì ti lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ilé náà ló mú kí èyí rọrùn, tí kò fi gba àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Kí olùkọ́ má fi oyin bo agbo ilé o. Ìyàwó tuntun tó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ àṣírí níláti dúró di ọ̀gànjọ́. Ìjà orogún méjì tó láti da odidi ilé rú fún oṣù mẹ́ta. Bí àrùn bá wọ yàrá kan, ó mọ ọ̀nà yàrá kejì. Ẹni tí ìwà rẹ̀ kò bá bá ti ará ilé mu kò ní ibi tí yóò sá sí. Ojú tó ń ṣọ́ ọmọ kó má jóná náà ló ń ṣọ́ ìyàwó ilé tó bá fẹ́ ra aṣọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin inú kíláàsì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbí. Ohun tí wọ́n máa ń rí nínú ọ̀rọ̀ yìí máa ń yàtọ̀ sí ti àwọn ọkùnrin, ó sì yẹ kí kíláàsì gbọ́ ọ.

OMI, AMỌ̀ ÀTI ÒRÙLÉ

Ibi tí omi ń gbà ni a fi ń mọ ilé tí a ronú kọ́. Ní Ifẹ̀, ní Ọ̀wọ̀ àti ní ilẹ̀ Èkìtì, àgbàlá inú ilé máa ń kéré ju ti Ọ̀yọ́ lọ, òrùlé ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a sì tẹ̀ sínú. Bí òjò bá rọ̀, gbogbo omi a dà sí kòtò tó wà láàrin. Wọ́n a gbé ìkòkò sídìí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti gbe omi mímu, ìyókù a gba ihò abẹ́ ògiri jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ kì í lọ sódò. Ènìyàn sì lè ti yàrá dé yàrá yí gbogbo ilé ká láìfi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀, nítorí abẹ́ òrùlé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà.

Ilé-Ifẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn ará Ifẹ̀ fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà wọn. Wọn kò kàn dà á sílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n to àpáàdì kọ̀ọ̀kan ní ìnaró, tí etí rẹ̀ wà lókè, lọ́pọ̀ ibi wọ́n sì tò ó ní ìtò tó ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí egungun ẹja. Nígbà mìíràn wọ́n a ri ìkòkò mọ́ àárín rẹ̀. Frank Willett àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Ìta Yemòó ní òpin àwọn ọdún 1950. Ìtàn àtẹnudẹ́nu gbé iṣẹ́ náà fún Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni: wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ máa kan aṣọ òun. Aṣọ ọba ni wọ́n fi ṣe ìdí, gbogbo ìlú ló sì rí ilẹ̀ gbígbẹ rìn.

Ti ògiri kò gba àlàyé púpọ̀. Amọ̀ tó nípọn kì í tètè gbóná. Oòrùn ọ̀sán ń bá a jà títí di ìrọ̀lẹ́ kí ooru tó dé inú, nígbà náà òde ti tutù. Koríko bẹẹrẹ orí rẹ̀ náà kì í jẹ́ kí ooru wọlé. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin fi ń gbé koríko náà wá fún òrùlé àfin, tí àtúnṣe ilé ọba fi di ayẹyẹ tó ń so gbogbo ìjọba pọ̀. Àbùkù koríko ni iná. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, iná kan láti ilé ìdáná lè jó àdúgbò run kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí páánù dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn gbá a mú, wọn kò sì jẹ̀bi. Ooru rẹ̀ ni a ń fi fáànù bá jà títí di òní.

ÌPELE KEJÌ: ÀWỌN ÀGÙDÀ ÀTI Ọ̀DẸ̀DẸ̀ ÀÁRÍN ILÉ

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, dì ní Bahia ní Brazil ní 1835, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti jẹ́ ẹrú níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé; àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn fi owó ara wọn wọ ọkọ̀. Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ni wọ́n tẹ̀dó sí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ọrọ̀ tí wọ́n kó bọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ. Ní Pópó Àgùdà ní Èkó, wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi sìmẹ́ńtì gbẹ́ òdòdó sí lára, tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, tí ilẹ̀kùn fèrèsé rẹ̀ jẹ́ pákó. Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, wá láti ọwọ́ irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia débi pé àlejò níláti wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ètò agbo ilé náà sì gba òkun kọjá lọ sí ọ̀hún. Ní Salvador, ní Bahia kan náà, àwọn olórìṣà tẹ́ ilé wọn bí agbo ilé: ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan dá dúró yí àgbàlá ká, ilé gbígbé àwọn ọmọ òrìṣà wà láàrin wọn. Ilê Axé Opô Afonjá, tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, ṣì wà bẹ́ẹ̀ lónìí, ilé-ìwé àwọn ọmọdé sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Ẹrú kò lè gbé ilé dání kọjá òkun. Wọ́n gbé bí a ṣe ń jókòó yí ara ẹni ká.

Ẹ padà sí Èkó. Ohun kan yàtọ̀ nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà tí òdòdó ara ògiri kì í jẹ́ ká tètè rí. Ọ̀nà tóóró kan là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, kò kọjú sí ojú ọ̀run mọ́. Nígbà tí ó jẹ́ ìdílé olówó kan ló ń gbé gbogbo rẹ̀, èyí kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Èkó kún, tí Ìbàdàn kún, àwọn láńlọ́ọ̀dù rí i pé ètò yìí gba ayálégbé dáadáa. Wọ́n yọ òdòdó kúrò, wọ́n fi páánù bò ó, wọ́n sì fi yàrá kọ̀ọ̀kan fún odidi ìdílé. Bí ilé fẹ́ẹ̀sì-mi-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ ṣe gbilẹ̀ nìyẹn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ sọ bí àárọ̀ ṣe rí níbẹ̀, bí ó bá fẹ́. Ẹ má fi agbára mú ẹnikẹ́ni. Wọn yóò sọ ti báàfù kan tí ìdílé mẹ́wàá ń tò sí, tí olúkúlùkù fi garawa gba àyè kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn yóò sọ ti sítóòfù tó tò lọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ẹni tó ń kọjá níláti fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra. Wọn yóò sọ ti mítà kan ṣoṣo. Bí owó iná bá dé, wọn a ka gílóòbù yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní firíìjì a sọ pé òun kì í tan án, gbogbo ilé a sì mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí wọ́n ti mu omi tútù rẹ̀ lánàá. Àjọgbé ni èyí náà. Ọmọ ṣì ń jẹun ní yàrá ẹlòmíràn. Àmọ́ kò sí àgbàlá tí ìjà ti lè tú ká, kò sí baálé tí ọ̀rọ̀ ń kó lọ bá. Ó ku láńlọ́ọ̀dù, òun náà sì lè máa gbé àdúgbò mìíràn.

Kí ẹ tó fi ìpele yìí sílẹ̀, ẹ mẹ́nu ba Ilojo Bar, ọ̀kan nínú àwọn ilé Àgùdà ní Èkó. Ìdílé Fernandez kọ́ ọ ní 1855 ní ibi tí a ń pè ní Tinúbu Square. Ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, katakata wó o lulẹ̀.

ÌPELE KẸTA: LÁTI ÀÁRÍN ÈKÓ LỌ SÍ SÙÚRÙLÉRÈ

Ìpele yìí ni kí olùkọ́ fi àkókò sí jù. Ibí ni a ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n yí ilé padà lójijì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri pa àwọn ènìyàn ní Èkó. Ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928, Lagos Executive Development Board, pé kí ó tún ìlú tẹ́. Ní 1955, nígbà tí òmìnira ti ń sún mọ́lé, tí àwọn olóṣèlú sì fẹ́ kí olú-ìlú dùn-ún wò, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tó tó ééká 70. Ilé ibẹ̀ ti gbó lóòótọ́. Wọ́n fún mọ́ra, omi ìdọ̀tí kò rí ọ̀nà lọ, ẹni tó bá sọ pé kò sí ohun tó nílò àtúnṣe níbẹ̀ ń tan ara rẹ̀. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ kọjá afárá Carter lọ sí Sùúrùlérè, sí ilé tuntun tó tò ní ìlà, tó ní omi ẹ̀rọ, tó sì mọ́ tónítóní.

Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ, lọ bá àwọn tó ṣì wà ní àárín Èkó àti àwọn tí wọ́n ti kó lọ, ó bi wọ́n léèrè bí ayé ṣe rí, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ohun tó rí ya àwọn tó rò pé ilé tuntun lásán ni ìlú nílò lẹ́nu. Ní àárín Èkó, ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ ń gbé, kì í sì í san owó ilé. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá àti ọmọ ń rí ara wọn lójoojúmọ́ nítorí pé ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń lọ. Ìyá àgbà tó ní ọmọ márùn-ún káàkiri àdúgbò ń rí owó díẹ̀ gbà lọ́wọ́ eléyìí lónìí, oúnjẹ lọ́wọ́ tọ̀hún lọ́la. Ìyá tó ń tajà níwájú ilé ní oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún pípẹ́, àwọn mìíràn ń gba àwìn lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì ń gba àwìn lọ́wọ́ àwọn alájàpá.

Sùúrùlérè gé gbogbo èyí sí wẹ́wẹ́. Ilé ibẹ̀ jẹ́ ti ọkọ, ìyàwó àti ọmọ wọn. Kò sí yàrá fún ìyá ọkọ, kò sí fún àbúrò ìyàwó. Ẹbí tó ti ń gbé lójú kan fọ́nká. Láti lọ kí ẹbí, ènìyàn níláti wọ bọ́ọ̀sì, owó ọkọ̀ sì ń jẹ owó tí wọn ì bá fún ìyá àgbà. Oníṣòwò pàdánù oníbàárà. Ó kó ọjà rẹ̀ dé, kò rí ẹni tà á fún. Ẹni tí kì í san owó ilé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án nígbà tí owó tó ń wọlé dín kù. Ilé dára jù, ìyà sì pọ̀ jù.

Ó yẹ ká sọ ìhà kejì. Àwọn kan fẹ́ràn Sùúrùlérè, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya tó ní iṣẹ́ oṣù. Ibẹ̀ dákẹ́, ẹbí kò yọ ojú sí ọ̀rọ̀ wọn, ọkọ àti ìyàwó wá ń jọ jókòó bí ọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì jiyàn lórí èyí: ilé kan náà tó ti ìyá àgbà sínú ìdánìkanwà ni ó tú ìyàwó ọ̀dọ́ sílẹ̀ kúrò lábẹ́ ojú ìyá ọkọ. Ta ni kí ayàwòrán-ilé kọ́kọ́ rò? Èmi gbà pé ẹni tí kò lè ṣí lọ síbòmíràn ni, ìyẹn àgbàlagbà, ọmọdé àti ẹni tó ń fi iwájú ilé jẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní dandan láti gbà pẹ̀lú mi.

Ilé ìwòyí tún gbé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí i. Fúláàtì mẹ́rin lórí pulọ́ọ̀tì kan, fẹ́ǹsì ga ju orí lọ, jẹnẹrétọ̀ olúkúlùkù kọjú èéfín sí fèrèsé ẹnìkejì. Kò sí ibi tí ẹni méjì lè ti pàdé ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n dìídì lọ. Nítorí náà ni ẹ̀sítéètì fi níláti dá ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí wọ́n ní alága, akọ̀wé àti àgbájọ WhatsApp, kí wọ́n lè mọ̀ pé omi ti ya wọ ilé Bàbá tó wà ní ìkángun. Iṣẹ́ tí àgbàlá ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń fi ìpàdé ọjọ́ Sátidé ṣe, wọ́n sì ń bu ìtánràn lé ẹni tí kò wá.

ÀWỌN TÓ PADÀ SÍDÌÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìtàn ìbàjẹ́ nìkan ni. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ ilé tóóró tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù oníhò ṣe ojú ògiri, kí oòrùn má bàa wọlé tààrà. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì mú kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ̀ lókè, kí wọ́n tóóró nísàlẹ̀, àjà òkè ń ṣíji bo tìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ mọ̀ pé abẹ́ ibòji yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ti ń wáyé, láàrin kíláàsì kan sí òmíràn.

Demas Nwoko ni kí ẹ dúró lé lórí. Wọ́n bí i ní 1935 ní Idumuje-Ugboko. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́ ní Zaria, ó kọ́ ètò ìtàgé ní Paris, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka eré oníṣe ní Ìbàdàn. Kò jókòó sí kíláàsì ayàwòrán-ilé rí. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi ń wo ilé bí ibi tí àwọn ènìyàn yóò ti máa wọlé, tí wọn yóò ti máa jáde, tí wọn yóò ti máa rí ara wọn. Ní àwọn ọdún 1970, ó kọ́ ilé àdúrà fún àwọn àlùfáà Dominican ní Ìbàdàn, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Ó po iyẹ̀pẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì ṣe búlọ́ọ̀kù, kí ògiri lè tutù bí amọ̀ kó sì le bí kọnkéré. Nínú ilé tó kọ́ fún ara rẹ̀ ní ìlú rẹ̀, òrùlé ń da omi òjò sí àárín ilé, bí ti Ifẹ̀ àti Ọ̀wọ̀ tí a sọ ṣáájú. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ó ti ń ṣe é bọ̀ láti bí àádọ́ta ọdún.

Ẹ fi Francis Kéré ti Burkina Faso kún un, ní ṣókí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọ́ sí abúlé rẹ̀, Gando, ní 2001 jẹ́ ti bíríkì amọ̀, pẹ̀lú òrùlé páánù tó gbé sókè kúrò lórí àjà kí ooru lè gba àárín wọn jáde. Àwọn ará abúlé ló ru òkúta, àwọn ló fi ẹsẹ̀ àti igi lu ilẹ̀ rẹ̀. Ní 2022, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán-ilé. Kí kíláàsì wo òrùlé yàrá tí wọ́n wà nísinsìnyí, kí wọ́n sọ ibi tí ooru ń gbà jáde, bí ó bá ń jáde rárá.

ÌGBÉLÉWỌ̀N

Ẹ padà sí ìdáhùn tó wà lójú pátákó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ìlà so ìdáhùn tirẹ̀ pọ̀ mọ́ irú ilé tó bá a mu. Lẹ́yìn náà:

1. Kí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣe nínú agbo ilé tí yàrá kò lè ṣe?
2. Kí ló fà á tí owó tó ń wọlé fún ìyá olówò fi dín kù lẹ́yìn tí ó kó lọ sí ilé tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?
3. Sọ ohun kan tí o kò ní fẹ́ kí ó padà wá láti inú agbo ilé, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Wọ́n fún ọ ní pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú, 120 ní gígùn. Ìdílé mẹ́ta ni yóò gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ìyá àgbà kan tí orúnkún ń dùn, àti obìnrin kan tó ń ta ìpápánu. Kànga kan ni ó wà, ó sì wà láàrin ilẹ̀ náà. A kò lè gbé e kúrò. Fi pẹ́ńsù ya bí wàá ṣe tẹ́ ilé náà. Fi ọfà tọ́ka sí ọ̀nà atẹ́gùn àti ọ̀nà omi. Fi àmì sí ibi tí ìyá àgbà yóò máa jókòó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ya fẹ́ǹsì kí ó tó ya ilé, kí olùkọ́ bi í pé ta ni ó ń sá fún.